Ṣé kí n máa gba owó ìwọlé lóko èso mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Oko sitirọ́bẹ́rì ni mo ní, àwọn oníbàárà ló ń fọwọ́ ara wọn ká a. Kílò ni mo fi ń tà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ń jẹ lóko fẹ́ẹ̀ ju èyí tó ń dé orí ìwọ̀n lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdílé kan lo wákàtí méjì gbáko. Ètè àwọn ọmọ pupa fòò, agbọ̀n wọn ò sì tó kílò kan. Ta ló fẹ́ bá ọmọdé jà nítorí èso?

Mo gbìyànjú kí n dá iye kan lé agbọ̀n, wọ́n rọ ọ́ kún títí ó fi ń dà sílẹ̀. Mo fowó kún kílò, àwọn tó ń ká púpọ̀ láti fi ṣe jáàmù bá sá lọ, àwọn gan-an sì ni oníbàárà gidi.

Ó ń ṣe mí bíi kí n máa gbowó lẹ́nu ọ̀nà, kí n wá yọ ọ́ kúrò nínú owó èso tí wọ́n bá rà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé irú owó ìwọlé bẹ́ẹ̀ kì í lé oníbàárà? Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.