Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: irú kóòṣì wo ni ká bèèrè fún Shooting Stars?

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló délẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń ti Shooting Stars ti Ìbàdàn (3SC) lẹ́yìn ládùúgbò wa, a ò ju bí ọgbọ̀n èèyàn lọ. Níbi ìpàdé tá a ṣe kẹ́yìn, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sáwọn aláṣẹ tíìmù, pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ mú kóòṣì, irú ẹni tí àwa tá à ń jókòó sínú oòrùn ní pápá Adámásìngbà fẹ́ rèé.

Kí n tó gbé bírò, ìjà ti ṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní òyìnbó ni, torí òyìnbó ló gba ife Áfíríkà fún wa lọ́dún 1976. Àwọn ọ̀dọ́ ní àfi ẹni tó ti wọ aṣọ Shooting rí, pé ẹni tí ọ̀ràn ò dùn kò lè sunkún rẹ̀. Èmi àti àwọn díẹ̀ ní ká wá ẹni tó ti gba líìgì ilẹ̀ wa rí, ibi yòówù kó ti gbà á. Àwọn méjì bínú kúrò nípàdé, títí di òní wọn ò gbé fóònù mi.

Ìdí tọ́rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára ni pé ọdún 1998 la gba líìgì kẹ́yìn. Orí èjìká bàbá mi ni mo wà lọ́dún 1996 nígbà tá a na Zamalek ní 2-1 n'Ìbàdàn níbí, ní àṣekágbá ife Áfíríkà. Àwọn náà nà wá ní 2-1 ní Káírò, ó di pẹnáritì, wọ́n fi 5-4 gba ife mọ́ wa lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí omi lójú bàbá mi nìyẹn. Ọmọ tèmi ti pé ọdún mẹ́tàlá báyìí, aṣọ Arsenal ló ń wọ̀ kiri ilé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ?

Alàgbà Òkè-Bọ́là

Akọ̀wé, o káre. Mo wà láyé, mo sì wà ní pápá Liberty n'Ìbàdàn lọ́dún 1976, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Lóòótọ́ ni pé òyìnbó ni kóòṣì wa, Alan Hawkes lorúkọ rẹ̀. Ó mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wo ló bá nílẹ̀? Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Múdà Lawal, Best Ogedegbe tó ń ṣọ́lé, Kúnlé Awẹ́sù, Sam Ojebode. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Múdà ń kọ́ kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dìde. Nígbà tá a pàdé Zamalek ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n fi 2-0 nà wá ní Káírò. Gbogbo èèyàn ní ó ti tán. Wọ́n dé ibí, àwa náà nà wọ́n ní 2-0, a sì rí wọn mú lórí pẹnáritì. Lẹ́yìn náà la gbá Tonnerre ti Yaoundé ní 4-1 níbí, a lọ fìdí rẹmi ní 1-0 lọ́dọ̀ wọn, ife Áfíríkà ti àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn sì di tiwa. Kò tíì sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan ní Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà kó tó dọjọ́ náà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo ń lọ. Lọ́dún 1984, ọmọ wa ni kóòṣì, Adégbóyè Onígbìndé, ará Mọ̀dákẹ́kẹ́. Òun náà gbé wa dé àṣekágbá, ti ife àwọn tó gba líìgì orílẹ̀-èdè wọn pàápàá, èyí tó ga ju ti 1976 lọ. Rashidi Yekini ṣì jẹ́ ọmọdé nínú tíìmù náà. Zamalek kan náà ló tún borí wa. Lọ́dún yẹn kan náà ló kó ikọ̀ Nàìjíríà dé àṣekágbá ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà l'Ábíjáǹ. Ta ló wá sọ pé àwọ̀ ara ló ń gba ife? Èmi àgbà ni mò ń sọ ọ́: ẹ jẹ́ ká yé pe òyìnbó bí ẹni ń pe babaláwo.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èmi wà lẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ o. Ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù gidi ni kí wọ́n mú. Ṣé ẹ ò rí Finidi George ní Enyimba? Agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ ni, ó gba líìgì fún wọn lọ́dún 2023.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ọmọ Olúyọ̀lé, àpẹẹrẹ tí o mú wá yẹn lòdì sí ohun tí ò ń sọ. Finidi ò gbá bọ́ọ̀lù fún Enyimba rí láyé rẹ̀. Calabar Rovers, Iwuanyanwu àti Sharks ló gbá fún kó tó lọ sí Ajax. Bó bá jẹ́ pé "àfi ọmọ ilé" ni Enyimba ní, wọn ì bá má mú un. Ohun mìíràn sì wà níbẹ̀: ọdún 2021 ló dé ọ̀dọ̀ wọn, kò gba nǹkan kan ní sáà àkọ́kọ́, wọn ò lé e. Sáà kejì ló tó gbé ife wálé. Sáà àkọ́kọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Ẹ̀yin mà ni, Ìyá Ìbejì, mi ò ronú débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé ìfẹ́ tíìmù ò já mọ́ nǹkan. Ẹni tó mọ bí orin "Up Shooting!" ṣe ń dún látinú pápá, ọ̀nà tí yóò gbà bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀.

Ará Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo dá sọ́rọ̀ ilé yín, àlejò ni mí, Remo Stars ni tèmi. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, torí ó jọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá.

Daniel Ògúnmódẹdé ni kóòṣì wa láwọn ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí. Lọ́dún 2023, ipò kejì la ṣe, lẹ́yìn Enyimba. Lọ́dún 2024, ipò kejì náà ni, lẹ́yìn Rangers. Ẹ fojú inú wò ó bó ṣe máa ń rí lára alátìlẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀ léra wọn tí ọwọ́ wa ń kan ife tí ò bọ́ sí i. Àwọn kan láàárín wa ti ń kùn pé kò ní ọwọ́ ìparí. Àwọn tó ni tíìmù ò gbọ́ tiwa, wọ́n fi í sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2025 a gba líìgì, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dá wa sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọjà ló ti ń ra gbogbo agbábọ́ọ̀lù o. A ní Beyond Limits, ibẹ̀ làwọn ọmọdé ti ń dàgbà bọ̀ wá sí tíìmù àgbà, kóòṣì sì mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé.

Èmi ò lè sọ fún yín pé ẹ wá gbé kóòṣì wa o! Mo kàn ní kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fún un.

Alàgbà Òkè-Bọ́là

Ará Ìkẹ́nnẹ́, kì í ṣe àlejò ni ẹ́. O ti sọ̀rọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n má gbàgbé pé ènìyàn kan ló ni tiyín, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni tiwa. Bí ìjọba bá yí padà, gbogbo nǹkan ló lè yí tẹ̀ lé e. Kóòṣì mọ̀ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tó ti tọwọ́ bọ̀wé.

Olùkọ́ Ọmọdé

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní bọ́ọ̀lù n'Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun tẹ́nikẹ́ni ò tíì fẹnu bà.

Akọ̀wé, bèèrè ìwé ẹ̀rí. Bí 3SC bá rí àyè wọ ìdíje CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, wọn ò ní gbà kí ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí CAF A jókòó bí olórí kóòṣì. Orúkọ ńlá tí onítọ̀hún ní nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù ò ní ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: bí ó ṣe ń ṣe tó bá kúrò nílé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjìdínlógójì ló wà nínú líìgì wa, mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀ ló jẹ́ òde. Nílé, èrò máa ń ti ọmọ lẹ́yìn. Ẹ gbé bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn lọ sí Kánò tàbí Máídúgùrì, kẹ́ ẹ wá ní kí àwọn ọmọ tó ti jókòó rẹ̀ lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sáré fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Kóòṣì tó bá mọ bá a ṣe ń sinmi agbábọ́ọ̀lù, tó mọ ẹni tó yẹ kó fi sílé, tó lè fi ọgbọ́n mú ọ̀mì kan wálé láti irú ibẹ̀, òun ló ń gba líìgì ní Nàìjíríà. Tí wọ́n bá gbé orúkọ ẹnikẹ́ni wá, ẹ wo iye àmì ayò tó ti mú wálé láti òde ní sáà méjì tó kọjá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò ṣeé fi ẹnu dídùn bò.

Ní ti òyìnbó, mi ò kórìíra wọn. Ṣùgbọ́n dọ́là ló ń gbà, ilé ló ń bèèrè, ọkọ̀ ló ń bèèrè, kò sì mọ ojú ọ̀nà tí mò ń sọ yìí. Owó yẹn tó láti tọ́jú tíìmù àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kàndínlógún.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham

Èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ nípa àkókò, òótọ́ ni. Ọdún 1986 ni Ferguson dé Manchester United, ọdún 1993 ló tó gba líìgì àkọ́kọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n fún èèyàn láyè.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ká má tiẹ̀ lọ jìnnà dé Manchester. Lọ́dún 2021 la ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sínú líìgì àgbà. Gbenga Ògúnbọ̀tẹ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Oracle, sún wa mọ́ òkè tábìlì líìgì lẹ́yìn ìyẹn. Láti ìsàlẹ̀ dé ìtòsí òkè láàárín ọdún díẹ̀! Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pòṣé nígbà yẹn pé ìtòsí òkè kì í ṣe ife, ọkàn mi sì bàjẹ́. Ẹni tí ebi ń pa láti 1998 kì í rí ẹ̀kọ, àsáró ló ń wò.

Akọ̀wé, tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní kọ orúkọ kankan sínú lẹ́tà náà. Màá kọ ohun mẹ́ta tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá dé: ọdún mẹ́ta gbáko nínú àdéhùn, kóun fúnra rẹ̀ yan agbábọ́ọ̀lù láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́, kí owó oṣù àwọn ọmọ sì máa dé lásìkò. Tí wọ́n bá fún òyìnbó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òyìnbó á ṣe é. Tí wọ́n bá fún ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ìbàdàn á ṣe é.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ bá wa fi ẹ̀kẹrin sí i: kí igbákejì kóòṣì jẹ́ ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting rí. Ìyẹn á tu àwọn ọ̀dọ́ nínú.

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ lẹ́tà náà. Mo gbé ohun mẹ́ta tí Ìyá Ìbejì kà sílẹ̀ síbẹ̀, mo fi ìwé ẹ̀rí àti àmì ayò òde tí Olùkọ́ Ọmọdé sọ kún un, mo sì fi ti igbákejì kóòṣì sí ìparí. Èmi fúnra mi ti kúrò lórí ohun tí mo ń sọ tẹ́lẹ̀, torí ẹni tó ti gba líìgì níbòmíràn, níbi tí wọ́n ti fún un láyè ló ti gbà á. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday ni màá kà á fún wọn. Mo ti lọ bá àwọn méjì tó bínú nílé, ọ̀kan ti gbà láti wá, èkejì ní òun ń rò ó.

Ọmọ mi ló bá mi tẹ lẹ́tà náà sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó dé ibi tí mo ti mẹ́nu ba 1976, ó bi mí pé, "Dádì, ta ni Múdà Lawal?"

Alàgbà Òkè-Bọ́là

Ọjọ́ tá a bá tún ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nílé, mú ọmọ náà dání. Apá ibi tí òjìji máa ń bọ́ sí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jókòó. Kó wá jókòó tì mí, kó sì tètè dé, torí ọ̀rọ̀ Múdà ò ṣeé sọ tán kí wọ́n tó fọn fèrè.