Ọdún wo ni kí á kà sí ọdún ìbẹ̀rẹ̀ Yunifásítì Àjàyí Crowther, Ọ̀yọ́: 1853 tàbí 2005?

Ọmọ Akẹ̀sán béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ọ̀yọ́ ní kí n kọ ìtàn kúkúrú nípa Yunifásítì Àjàyí Crowther, tí a ó kà níwájú ìjọ lọ́jọ́ ìkórè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí rẹ̀ ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa kí n tó kọ ojú ìwé kìíní tán. Gbogbo wa la mọ̀ pé oṣù kìíní ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ fún Ìjọ Áńgílíkà ní ìwé àṣẹ láti dá a sílẹ̀. Àwọn kan sì ní rárá, pé ọdún 1853 ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àti oníwàásù sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló padà di St Andrew's College, tí yunifásítì náà sì ti ara rẹ̀ jáde. Èwo ni kí n kọ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní já mi nírọ́? Mo tún fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ rí sí ìdàgbàsókè rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ìyìn lásán.

Tíṣà Àgbà dáhùn pé:

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Ọdún 1853 ni èmi dúró lé. Ní Abẹ́òkúta, abẹ́ Bühler, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó ń kọ́ni níbẹ̀, ni Samuel Johnson, òǹkọ̀tàn ilẹ̀ Yorùbá, ti kẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ọdún 1860. Nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì jáde, ilé ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Èkó, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi dé Ọ̀yọ́ ní 1896. Ẹ jẹ́ kí á ro bí Ọ̀yọ́ ṣe rí lásìkò náà: Aláàfin Adéyẹmí Kìíní wà lórí ìtẹ́, kò sì tíì pé ọdún kan gééré tí Bower, ọ̀gágun òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, yìnbọn fọ́ ìlú, ní oṣù kọkànlá ọdún 1895. Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná, ni wọ́n gbé ilé ìwé kalẹ̀ sí. Ó máa ń jọ mí lójú ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, tí ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ti kàwé láti 1924 sí 1927. Ibẹ̀ náà ni D. O. Fágúnwà wà láti 1926 sí 1929, kí ó tó di olùkọ́ ní ilé ìwé kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. Fọ́tò kíláàsì bàbá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n wọ aṣọ funfun, àwọn ti iwájú jókòó sórí koríko, wọ́n sì gbé pátákó kékeré kan síwájú tí wọ́n fi ẹfun kọ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ọdún sí. Ẹ má sọ fún mi pé àwọn wọ̀nyí kò sí nínú ìtàn yunifásítì náà. Yunifásítì Ibadan gan-an, ọdún 1948 ló ń kà, bẹ́ẹ̀ abẹ́ Yunifásítì London ló wà títí di 1962 kí ó tó dá dúró.

Agbẹjọ́rò Ìlọ́rà dáhùn pé:

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, a ti rí ẹ̀kọ́ kọ́ lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ Ibadan tí ẹ mú wá, ìhà tèmi ló gbè. Yaba Higher College, tí wọ́n ṣí ní 1934, ni ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Ibadan fi bẹ̀rẹ̀ ti wá, síbẹ̀ Ibadan kò sọ pé 1934 ni òun bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ lè bí yunifásítì láìjẹ́ yunifásítì fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Àwọn yunifásítì aládàáni tí wọ́n hù jáde nígbà Ìṣèjọba Alágbádá Kejì (1979 sí 1983), ìjọba ológun fi òfin pa gbogbo wọn rẹ́ ní 1984. Òfin ọdún 1993 ló tó tún ilẹ̀kùn ṣí, ó sì di 1999 kí Babcock, Igbinedion àti Madonna tó gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí ìjọ tilẹ̀ fẹ́ ẹ, kò lè ní yunifásítì ṣáájú àkókò yẹn. Ẹ má sì gbàgbé pé ìjọba gba àwọn ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970, St Andrew's sì wà lára wọn. Okùn tí ẹ ń fà láti 1853 já níbẹ̀ kí wọ́n tó tún un so.

Ní ti ìdàgbàsókè, ọdún 2005 yẹn kan náà ni Lead City ní Ìbàdàn, Al-Hikmah ní Ìlọrin, Crescent ní Abẹ́òkúta àti Redeemer's gba ìwé àṣẹ, gbogbo wọn sì ń wá àwọn ọmọ kan náà. Owó TETFund, tí àwọn yunifásítì ìjọba fi ń kọ́ ilé, kì í dé ọ̀dọ̀ aládàáni. Owó ilé ìwé àti ohun tí ìjọ bá dá ni àwọn Àjàyí Crowther gbójú lé, síbẹ̀ wọ́n fi ẹ̀kọ́ òfin àti ẹ̀kọ́ ẹnjiníà kún ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo kan sáárá sí wọn tọkàntọkàn, nítorí mo mọ ohun tí NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, máa ń béèrè kí ó tó fọwọ́ sí ẹyọ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Ìyá Ìbejì, Ogbómọ̀ṣọ́, dáhùn pé:

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ jẹ́ kí ará ilé kejì dá sí i. Àwa Onítẹ̀bọmi ti la irú ọ̀rọ̀ yìí kọjá. Ọdún 1855 ni Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ogbómọ̀ṣọ́, 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀, 1907 sì ni ilé ìwòsàn. Nígbà tí yunifásítì tí a fi orúkọ Bowen sọ gba ìwé àṣẹ ní 2001, orí ilẹ̀ Baptist College àtijọ́ ní Ìwó ni wọ́n gbé e sí, ọdún 2001 náà ni wọ́n sì ń kà. Ilé ìwòsàn wa di ilé ìwòsàn ìkọ́ni fún un ní 2009, kò sì sí ẹni tí ó gba 1907 lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá lọ síbẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń rí àwọn ọmọ náà nínú kóòtù funfun tí wọ́n tò sẹ́yìn dókítà àgbà, tí ọ̀kan nínú wọn ń fi Yorùbá tó mẹ́hẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá arúgbó ibi tó ń dùn ún. Ìdàgbàsókè ni mo pe ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kọ láìbẹ̀rù. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó bá mọ̀wé lè wọ St Andrew's, kí ó sì jáde ní tíṣà. Lónìí, owó tí yunifásítì aládàáni ń gbà, yálà tiwa tàbí tiyín, ju agbára ọmọ tíṣà lọ, ká má tíì sọ ọmọ àgbẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi, Agbẹjọ́rò ti ṣàlàyé ibi tí owó ti ń wá. Bí ìjọ bá wá fẹ́ máa fi 1853 yangàn, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ran ọmọ tíṣà kan níwèé níbẹ̀.

Ọmọ Akẹ̀sán:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N óò kọ ọ́ pé 2005 ni yunifásítì bẹ̀rẹ̀, lórí ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1853, n óò sì gbé ìmọ̀ràn Ìyá Ìbejì síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. Ẹni tí ó bá wà ní St Andrew's nígbà tí ìjọba gbà á, kí ó jọ̀wọ́ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí síbí, nítorí apá yẹn ló ṣófo jù nínú ohun tí mo ti kọ.