Ìròyìn Burúkú Lórí WhatsApp àti Facebook: Ẹ̀yin Kristẹni, Kí Ni Ojú Yín Ti Rí?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn obìnrin ìjọ wa, àwòrán ìjàm̀bá ọkọ̀ àti ti òkú ti ń ṣáájú ẹ̀kọ́ Bíbélì òwúrọ̀, bí mo bá sì sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí a fi àdúrà gbà á. Mo fẹ́ kí ẹ sọ ìrírí tiyín, pàápàá ẹ̀yin tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kan ilé yín rí.

Akọrin Àgbà: Ní ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó, a jí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ sì ti gba gbogbo fóònù pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn náà má baà ràn wá. Arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fi í ránṣẹ́ sí ìyá mi, ó sì fi ẹsẹ Bíbélì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra tipẹ́, mu ife kan gbáko. Ilé ìwòsàn ni a sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé ìròyìn sọ lẹ́yìn náà pé àwọn mìíràn kú nítorí omi iyọ̀ yẹn. Ẹsẹ Bíbélì yẹn ló mú kí ó gbà á gbọ́, òun ló sì ń dùn mí títí di òní.

Adúróṣinṣin: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ iyọ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ rò pé ìròyìn ayọ̀ ni òun mú wá.

Akọrin Àgbà: Ìbẹ̀rù ló bí méjèèjì, àbúrò mi.

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n kọlu ìjọ Kátólíìkì Francis Xavier Mímọ́ ní ìlú wa, àwọn tó kú kò sì dín ní 40. Àbúrò ìyá mi wà nínú ìsìn náà. Àkúrẹ́ ni ìyá mi wà, àwọn àgbà ilé sì ti ń múra láti lọ bá a, kí wọ́n lè fi sùúrù tú ọ̀fọ̀ náà fún un gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é. Kí wọ́n tó gbéra, fídíò ti dé. Inú ẹgbẹ́ aládùúrà kan ló ti wá, wọ́n sì kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé kí a gbàdúrà fún Ọ̀wọ̀. Aṣọ tí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà fún àbúrò rẹ̀ ló fi dá a mọ̀ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò mọ Ọ̀wọ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, n kò sì gbà pé ó kúnlẹ̀ kó tó fi í ránṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ọlọ́run yóò tu màmá nínú.

Díákónì Ìjẹ̀bú: Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé kí Kristẹni má fi ìròyìn ibi kankan ránṣẹ́ rárá. Fílípì 4:8 ti sọ ohun tí a ó máa rò: ohun tó jẹ́ òótọ́, ohun tó tọ́, ohun tó mọ́.

Olùkọ́, Jos: Díákónì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ṣáájú nínú ẹsẹ tí ẹ kà. Ní Plateau tí mò ń gbé, bí àwa fúnra wa kò bá sọ̀rọ̀, a ó ti sin òkú tán kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Hanani ló mú ìròyìn burúkú tọ Nehemáyà lọ pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó. Bí ó bá ti dákẹ́, ta ni ì bá tún odi náà mọ?

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà ka orí kìn-ín-ní ìwé Nehemáyà. Nehemáyà ló béèrè. Hanani ti Júdà wá fúnra rẹ̀, ẹni tó ń gbé ọtí fún ọba ló sì sọ ọ́ fún, ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i. Nehemáyà sì sunkún, ó gbààwẹ̀, ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin kó tó la ẹnu níwájú ọba.

Olùkọ́, Jos: Èyí tọ̀nà. Síbẹ̀ n kò ní pe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní ìwà mímọ́.

Adúróṣinṣin: Àwọn amí mẹ́wàá inú Númérì 13, tó lọ wo ilẹ̀ Kénáánì, ńkọ́? Odi tí wọ́n rí wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn náà sì sígbọnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bíbélì pe ohun tí wọ́n sọ ní ìròyìn búburú, nítorí wọ́n sọ ọ́ títí gbogbo ìjọ fi sunkún lóru, tí wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò kó wọn padà sí Íjíbítì.

Bàbá Peckham: Ní London níhìn-ín tí mo wà, orí Facebook ni mo ti ka ikú ẹ̀gbọ́n mi, kí ilé tó pè mí, nítorí náà mo mọ ohun tí Ọmọ Ọ̀wọ̀ ń sọ. Nígbà tí Ṣọ́ọ̀lù àti Jónátánì kú, Dáfídì ní kí wọ́n má sọ ọ́ ní Gátì, ìlú àwọn Filístínì tó jẹ́ ọ̀tá wọn, kí wọ́n má sì kéde rẹ̀ ní ìgboro Áṣíkẹ́lónì. Síbẹ̀ òun kan náà ní kí wọ́n fi orin arò náà kọ́ àwọn ọmọ Júdà. Ẹkún inú ilé yàtọ̀ sí ìkéde ìgboro, bó ti wù kí ẹkún náà pọ̀ tó.

Díákónì Ìjẹ̀bú: Mo gba ti Dáfídì yẹn. Ẹ tún wo WhatsApp fúnra rẹ̀: ní ọdún 2019, wọ́n ní ibi márùn-ún péré ni ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó di 2020, tí Kòrónà dé, wọ́n ní ibi kan ṣoṣo ni fún èyí tó bá ti tàn ká jù. Ilé-iṣẹ́ ayé ló wá ń kó wa níjàánu, àwa tí a ní Jákọ́bù orí kẹta, tó ń sọ nípa kíkó ahọ́n níjàánu, lọ́wọ́.

Màmá Adé: Ọmọ tó sọnù ńkọ́? Ṣé kí a dákẹ́ nípa ìyẹn náà?

Akọrin Àgbà: Rárá, màmá. Ẹ fi í ránṣẹ́ bí ọjọ́ bá wà lórí rẹ̀, tí nọ́ńbà òbí tàbí ti àgọ́ ọlọ́pàá sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà náà. Àwòrán ọmọ kan ládùúgbò wa ṣì ń kiri títí di ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti rí i tipẹ́, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí sì ń dá a dúró lọ́nà ilé-ìwé.

Màmá Adé: Mo ti pe nọ́ńbà tó wà lórí ìròyìn ọmọ tó sọnù tí mo rí gbà ní òwúrọ̀ yìí, kò wọlé. N kò ní fi í ránṣẹ́.

Olùkọ́, Jos: Màmá, ẹ má tíì pa á rẹ́. Ní ìgbèríko tiwa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ fún ọjọ́ méjì, ọmọ náà á sì ṣì wà nínú igbó. Ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú tí wọ́n dárúkọ, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀.