Iná lọ nígbà tí script ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí server

Ará Ìlódè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú Linux server ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, bí iná bá já script yín (fáìlì àṣẹ tí ẹ̀rọ ń ṣe tẹ̀léra) níbi tó ti ń to server tuntun, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe kó tó tún gbéra?

Ọmọ Mọ̀ọ́rè: `dpkg --configure -a`, kí `apt-get -f install` tẹ̀ lé e, láti parí package (sọ́fítíwíà) tó dúró láàárín.

Ará Iléṣà: Ìyẹn tún package ṣe, kò tún script ṣe. Script tó dáa, ẹ lè pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá kó má ba nǹkan kan jẹ́. Orí swap (ààyè lórí disk tí ẹ̀rọ ń lò bí RAM bá kún) ni wàhálà pọ̀ sí jù. Wọ́n á kọ `echo "/swapfile none swap sw 0 0" >> /etc/fstab` lásán; bí script bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìlà mẹ́ta ló máa wà nínú fáìlì yẹn. Ẹ fi `grep -q "^/swapfile" /etc/fstab ||` ṣáájú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni `mkdir -p` dípò `mkdir` (kò ní kùnà bí fódà bá ti wà), kí ẹ sì fi `id` wò ó bóyá orúkọ user náà ti wà kí `useradd` tó dá a.

Ará Ìlarè: Grep nìkan ò tó o. Bí iná bá lọ láàárín `fallocate` (tó ń dá fáìlì) àti `mkswap` (tó ń sọ ọ́ di swap), fáìlì á wà, swap ò ní sí. Script tó kàn ń wò ó pé ṣé /swapfile wà, á fò ó kọjá. `swapon --show`, tó ń fi swap tó ń ṣiṣẹ́ hàn, ni kó máa bi.

Ará Iléṣà: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Sábó: Ẹ fi `set -euo pipefail` sókè kí script dúró bí àṣẹ bá kùnà, ó parí.

Ará Ìlarè: Kò parí, àbúrò. `set -e` kì í dá script dúró bí àṣẹ tó kùnà bá wà nínú `if` tàbí ṣáájú `||`. Pipefail, tó ń ka àwọn àṣẹ tí `|` so pọ̀ sí ìkùnà bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, ló wúlò jù níbẹ̀. Láìsí i, bí páásíwọọ̀dù ò bá bá a mu nínú `mysqldump | gzip` (backup database tí a fún pọ̀), script á ní òun ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ fáìlì báítì 20 tó ṣófo lẹ máa bá.

Ará Lágéré: Tí server bá wà ní Jámánì ńkọ́, tó jẹ́ SSH (ọ̀nà tí a fi ń wọ server láti òkèèrè) ló já?

Ọmọ Mọ̀ọ́rè: `tmux new -s eto` kí ẹ tó pe script. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà, `tmux attach -t eto`. Script ò ní mọ̀ pé ẹ lọ síbì kan.

Ọmọ Sábó: Cron (tó ń pe iṣẹ́ ní aago tí ẹ bá yàn) ni tèmi fún backup aago méjì òru. Ó rọrùn.

Ará Iléṣà: Kì í ṣe fún ọ́fíìsì tí iná kì í dúró. Bí ẹ̀rọ bá wà ní pípa ní aago méjì, cron ò ní padà sẹ́yìn. Systemd timer (ọ̀nà mìíràn tí Linux fi ń pe iṣẹ́ lásìkò) tó ní `OnCalendar=*-*-* 02:00` àti `Persistent=true` á ṣe é bí ẹ̀rọ bá ti tàn. Ti Jámánì yẹn, ẹ wo aago ẹ̀: UTC (aago àgbáyé) ló sábà máa ń wà, aago méjì ẹ̀ sì ni aago mẹ́ta wa níbí. `timedatectl set-timezone Africa/Lagos`.

Ọmọ Sábó: Anacron (ìbátan cron) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá.

Ará Ìlarè: Ọjọ́ ló mọ̀, kò mọ wákàtí.

Ọmọ Mọ̀ọ́rè: Ẹni tó bá ṣì ń lo cron, `\%` ni kó kọ dípò `%` nínú crontab (fáìlì iṣẹ́ cron). `date +%F` lásán á gé àṣẹ yín sí méjì.

Ará Ìlódè: Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Firewall (ààbò tó ń dí ọ̀nà àtiwọ server) ńkọ́?

Ará Ìlarè: `ufw allow OpenSSH` kọ́kọ́ kí SSH lè wọlé, `ufw --force enable` lẹ́yìn láti tan firewall. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, ẹ ṣì lè wọlé. Bí ẹ bá yí i po, ẹ ti ti ara yín mọ́ta nìyẹn.