Pijó 504 láti Plymouth dé Banjul: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹ̀gbá Manchester:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ní Pijó 504 ọdún 1979 kan tí mo rà ní Faransé. Irú rẹ̀ gan-an ni bàbá mi fi ń ná Abẹ́òkúta sí Èkó nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo fẹ́ fi bá wọn lọ nínú ìrìn-àjò ọlọ́kọ̀ tó ń gbéra ní Plymouth ní England lọ sí Banjul ní Gambia. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n máa ń lu ọkọ̀ wọn ní gbàǹjo, kí owó rẹ̀ lè bọ́ sí iṣẹ́ àánú. Ṣé ọkọ̀ yìí á dé ibẹ̀? Kí ni kí n gbé dání?

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:
Á dé ibẹ̀ dáadáa. 504 ló gba ipò kìíní nínú ìdíje ọkọ̀ Safari Rally ní Kenya lọ́dún 1975 àti 1978. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń tún un ṣe ní Ìbàdàn, ooru ló máa ń pa á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú radiétọ̀, kí wọ́n fọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo fáànù: iná ló máa ń fà á mọ́ra kó tó yí bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Bí wáyà ibẹ̀ bá já nínú aṣálẹ̀, fáànù á dúró, ẹ ò sì ní mọ̀ títí omi á fi hó. Àwa níbí, ńṣe la máa ń fi bọ́ọ̀tì dè é pa kó máa yí nígbà gbogbo.

Ẹ mú kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì méjì àti kọ́ńdẹ́ńsà méjì (àwọn ló ń jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì taná), họ́ọ̀sì radiétọ̀ tòkè tìsàlẹ̀, fáàn bẹ́líìtì àti gáàsìkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ fọwọ́ ara yín pààrọ̀ kọ́ńtáàtì kan nílé kí ẹ tó lọ.

Arìnrìn-àjò Peckham:
Èmi àti àbúrò mi lọ lọ́dún 2014. Ó dára pé Faransé lẹ ti rà á, tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì, torí apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Gambia, bí tiwa ní Nàìjíríà láti April 2, 1972.

Ibi tó le jù ni Guerguerat, láàárín ẹnubodè Morocco àti ti Mauritania. Nígbà yẹn kò sí ọ̀dà níbẹ̀, iyanrìn àti òkúta ni, òkú mọ́tò lọ́tùn-ún lósì. Àbúrò mi fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti tọ̀, ni awakọ̀ ará Mauritania kan bá figbe ta, ó di apá rẹ̀ mú. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má kúrò lójú ipa táyà rárá!

Ẹ mú pọ́ǹpù dání, torí ẹ ó ní láti dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù bí ẹ bá wọ iyanrìn, kí ẹ sì tún fẹ́ ẹ lẹ́yìn náà. Kí ẹ sì tètè béèrè nípa ìwé ọkọ̀ fún Senegal. Wọn kì í fi tayọ̀tayọ̀ gba ọkọ̀ tó ti pẹ́ wọlé.

Ìyá Ìbejì Birmingham:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó. Owó ìrìn-àjò yàtọ̀, owó ọrẹ yàtọ̀. Ẹ sọ fáwọn èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àpò yín lowó epo, ọkọ̀ ojú omi àti físà ti ń jáde. Ẹnì kan dáwó irú èyí jọ ládùúgbò wa, kò jíṣẹ́ owó fún ẹnikẹ́ni, títí dòní ara ń kan àwa tá a dá sí i. Bí ẹni tó ń dáwó bá ń san owó orí níbí, kó fọwọ́ sí Gift Aid. Ìjọba á fi pẹ́nsì 25 lé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Croydon:
Epo E10 tó gbòde níbí láti ọdún 2021, tí ethanol pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti E5 lọ, máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. E5 ni kẹ́ ẹ máa rà, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ họ́ọ̀sì epo. Àmọ́ èmi ò lè fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lókèèrè láé. Ẹ tún un rò.

Ọmọ Ẹ̀gbá Manchester:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ wo fáànù lálẹ́ àná: wáyà yẹn ti já, ó kàn rọ̀ síbẹ̀ ni. Ní ti fífi sílẹ̀, mo ti rò ó. Bàbá mi kì í tọ́jú mọ́tò pa mọ́, èrò ló fi ń kó. Ẹni tó bá rà á ní Banjul á fi kó èrò. Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá, ṣé gáàsìkẹ́ẹ̀tì orí wà lọ́dọ̀ yín?

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:
Ó wà ní ọjà Géètì n'Ìbàdàn níbí. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ kí n tó rà á, torí ti 1800 àti ti 2000 ò bára mu.