Àbúrò mi ní hepatitis C, owó ìtọ́jú ló ń dẹ́rù bà wá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, wọ́n bá ní àyẹ̀wò fi àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi C hàn lára rẹ̀. Kò rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ kò pọ́n. Ẹnìkan ní abẹ́rẹ́ nǹkan bí ọdún kan ni, pé oògùn oníhóró rẹ̀ sì tó owó ilé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn mọ́, ó ní ewé àti egbò lòun máa mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, kí la máa ṣe?

Màmá Tolú: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má tíì ra oògùn kankan. Àyẹ̀wò yẹn kàn ń sọ pé ara rẹ̀ ti bá kòkòrò náà pàdé rí ni. Ara ẹlòmíì máa ń lé e jáde fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò RNA, òun ló ń sọ bóyá ó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Adéoyè: Abẹ́rẹ́ ti di ti àtijọ́. Wọ́n gún mi ní interferon fún ọ̀sẹ̀ 48, irun mi re, ó sì já sí pàbó. Sofosbuvir pẹ̀lú daclatasvir ló wò mí sàn, lílò ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Nínú èèyàn 100, ó ń wo ohun tó ju 95 lọ sàn. Irọ́ kọ́ ni ti owó ilé tẹ́ ẹ gbọ́: nígbà tí sofosbuvir jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013, 84,000 dọ́là ni ti ọ̀sẹ̀ 12, ẹgbẹ̀rún dọ́là fún hóró kan ṣoṣo! Ó ń dùn mí dòní, nítorí àwọn tó kú kí ó tó wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe oògùn kan náà báyìí, ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò sì tó 100 dọ́là mọ́. Orúkọ oògùn gan-an ni kẹ́ ẹ fi béèrè, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un.

Ọmọ Àjàní: Kí wọ́n yẹ oríṣi B náà wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè sùn sínú ara, kí oògùn C wá jí i. B ni tèmi. Tenofovir kì í lé e tán, ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, ojoojúmọ́ ni mo sì ń lò ó. Mo dá a dúró fúnra mi nígbà kan, díẹ̀ ló kù kí n bá a lọ. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ewé: òmíràn ń ba ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn jẹ́ sí i.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo kà á sí i létí, ó sunkún, ó sì gbà. Ọjọ́ Ajé la ń lọ ṣe méjèèjì. Tó bá lo oògùn tán, ṣé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn ò ní fi nǹkan kan hàn mọ́?

Adéoyè: Á ṣì máa fi hàn, àmì yẹn kì í sábà lọ. RNA ni kí wọ́n tún ṣe ní ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn hóró ìkẹyìn. Tí wọn ò bá rí kòkòrò, ó ti bọ́ nìyẹn. Kó tọ́jú ìwé èsì náà dáadáa, torí ẹni tó bá tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lè sọ pé ó ṣì ní in.