Ìjọba ta ni "ìjọba" inú ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Orúkọ Yorùbá méjì ló wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí a fẹ́ yan ọ̀kan nínú wọn, fún owó tí ilé-iṣẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè kan bá lọ fi wa epo tàbí kùsà nílẹ̀ onílẹ̀. Ẹnì kan ní "ìdókòwò òkèèrè tí ìjọba tì lẹ́yìn". Ẹ̀gbọ́n wa ará Kétu ní rárá, "òwò ajẹ́lẹ̀" ni.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ni mo ń gbé, Sẹ̀mẹ̀ ò sì jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni ọ̀pá epo tí ilé-iṣẹ́ epo CNPC ti Ṣáínà ṣe láti Agadem ní Nìjẹ̀r ti já sí òkun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kìlómítà. Bí mo bá sọ fún àǹtí mi tó ń ta kpayo, epo bẹtiróò fàyàwọ́, lẹ́bàá títì pé "ìjọba ló tì í lẹ́yìn", ìjọba Kútọnu ni wọ́n máa rò, wọ́n á sì bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n lówó tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tí a tì lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló ni òwò. Ìyá tó yá ọmọ rẹ̀ lówó ìtajà, ó tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìjọba Ṣáínà ló ni CNPC. Ta ló ń ti ìsọ̀ ara rẹ̀ lẹ́yìn?

"Òwò ajẹ́lẹ̀" dùn létí, mo gbà. Ajẹ́lẹ̀ ni Ọ̀yọ́, àti Ìbàdàn lẹ́yìn wọn, ń fi sí ìlú tó ń sìn wọ́n kó máa bá wọn gba ìṣákọ́lẹ̀. Àmọ́ ní oṣù karùn-ún 2024, nígbà tí Nìjẹ̀r kọ̀ láti ṣí ààlà, ìjọba wa ní kí ọkọ̀ kankan má gbé epo yẹn ní Sẹ̀mẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ wo ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́? Mo mọ èsì ẹ̀gbọ́n: Fábùnmi Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878, Nìjẹ̀r náà sì lé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ epo tó jẹ́ ará Ṣáínà ní oṣù kẹta 2025. Níbẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mú mi. Síbẹ̀, ajẹ́lẹ̀ kì í náwó kó tó máa gbà. Ìlú tó wà ló ń bọ́ ọ. Àwọn ará Ṣáínà wọ̀nyí ti náwó ná.

Àwọn kan tún pe 400 mílíọ̀nù dọ́là tí CNPC fún ìjọba Nìjẹ̀r ní oṣù kẹrin 2024 ní ìdókòwò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Epo ni àdéhùn ní kí Nìjẹ̀r fi san án, pẹ̀lú èlé 7 nínú 100. Àsansílẹ̀ ni, bí alájàpá ṣe ń fún àgbẹ̀ lówó kí àgbàdo tó gbó. Ẹ má sì pè é ní ìwọ̀fà: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń sìn, èlé nìkan ló dúró fún, gbèsè ò dín. Epo yìí ń dín gbèsè kù.

"Ìdókòwò ìjọba àjèjì" ni tèmi. Kò rẹwà tó ti ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n àǹtí mi ò ní í ṣì í gbọ́. Ó gba ilé-iṣẹ́ epo Equinor ti Norway náà, tí ìjọba wọn ní ìpín 67 nínú 100 níbẹ̀. Bí ìjọba bá kàn yá ilé-iṣẹ́ aládàáni lówó, tàbí ó ṣe onídùúró fún un, ibẹ̀ ni ká fi "tì lẹ́yìn" sí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà dá mi lóhùn lórí ẹni tó ń bọ́ ajẹ́lẹ̀.